Ọmọ inú fíìmù kọ́ ni ọmọ inú ilé

Ẹ̀yin ará mi, oṣù kẹwàá tún ti dé o. Bí Halloween bá ti ń sún mọ́lé báyìí lókè òkun tí a wà yìí, ńṣe ni tẹlifíṣọ̀n àti Netflix máa ń da fíìmù adẹ́rùbani sílẹ̀ bí ẹni da àgbàdo sílẹ̀ fún adìẹ. Bí ẹ bá sì fara balẹ̀ wò wọ́n, ẹ ó rí i pé kì í ṣe iwin tàbí òkú tó jí dìde ló ń bani lẹ́rù jù. Ọmọdé ni. Ọmọ kékeré tí wọ́n ya irun rẹ̀ dáadáa, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má wò ó. Èmi náà ń wò ó dáadáa. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé oríṣi méjì ni fíìmù yìí, ọ̀kan nínú méjèèjì sì ti bá wa wọ ilé ìjọsìn, ó ti ń pa ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú The Exorcist, tó jáde ní 1973. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé fíìmù ọmọ burúkú ni. Irọ́ ni jàre. Regan, ọmọ ọdún 12, kò burú rárá, ohun kan ló wọ inú rẹ̀. Ẹ rántí ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe: ilé ìwòsàn ló gbé e lọ. Wọ́n yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ lọ́rùn, dókítà kan ń tẹ̀lé òmíràn, kó tó di pé ẹnikẹ́ni dárúkọ fádà. Fádà Karras tí wọ́n wá pè gan-an, dókítà àrùn ọpọlọ ni, òun fúnra rẹ̀ kò sì tètè gbà pé ẹ̀mí àìmọ́ ló wà níbẹ̀. Nígbà tọ́rọ̀ wá dójú ẹ̀, àgbàlagbà ló kú. Karras ní kí ohun tó wà lára ọmọ náà wá wọ inú òun, ó sì gba ojú fèrèsé já sílẹ̀. Ọmọ yè.

Ẹ wá gbé The Omen, ti 1976, sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n sọ fún Robert Thorn ní Róòmù pé ọmọ tí ìyàwó rẹ̀ bí ti kú. Fádà kan ní kó gba ọmọ mìíràn rọ́pò rẹ̀, kó má sì sọ fún ìyàwó. Damien nìyẹn. Nígbà tí Thorn di aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ní London, ikú bẹ̀rẹ̀ sí í jà: obìnrin tó ń tọ́jú ọmọ náà pokùnso níbi ọjọ́ìbí rẹ̀, irin já láti òkè ṣọ́ọ̀ṣì, ó gún fádà kan pa. Damien fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ohun tó burú jù tí a fojú rí i pé ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni pé ó fi kẹ̀kẹ́ ọmọdé kọ lu ohun tí ìyá rẹ̀ dúró lé, ìyá sì já bọ́. Ẹ̀rí ńlá tí bàbá rí ni àmì 666 lábẹ́ irun ọmọ.

Lópin rẹ̀, bàbá yìí wọ́ ọmọ kékeré lọ síwájú pẹpẹ, ó gbé ọ̀bẹ sókè, ọlọ́pàá sì yìnbọn pa á. Ẹ sọ òótọ́ fún mi: ta lẹ̀ ń gbè lẹ́yìn nígbà yẹn? Ṣebí ọ̀pọ̀ ló ń pariwo pé, "Gún un! Gún un kíákíá!" Ọlọ́pàá tó gba ọmọdé lọ́wọ́ ọ̀bẹ ló wá di ọ̀tá. Iṣẹ́ tí fíìmù yẹn fi bíi wákàtí méjì ṣe lára wa nìyẹn.

Àwọn tó ṣe irú rẹ̀ ṣáájú ṣì máa ń rán wa létí pé eré ni. Nínú The Bad Seed, ti 1956, Rhoda, ọmọ ọdún mẹ́jọ, pa ọmọ kíláàsì rẹ̀ nítorí mẹ́dà tí wọ́n fún ẹni tó mọ̀wé kọ jù. Nínú ìwé tí William March kọ, Rhoda kò kú. Ṣùgbọ́n òfin tó de Hollywood nígbà náà kò gbà kí ọ̀daràn lọ láìjìyà, ni wọ́n bá jẹ́ kí àrá pa á. Nígbà tí wọ́n wá ń fi àwọn òṣèré hàn wá ní ìparí, ìyá inú eré gbé ọmọ náà sórí itan, ó sì na ìdí rẹ̀. Wọ́n ń sọ pé: eré ni o, ẹ máa lọ sílé.

Ta ló sọ fún wa pé eré ni tiwa? Ní 1999, Helen Ukpabio, olórí ìjọ kan ní Calabar, gbé End of the Wicked jáde, níbi tí àwọn ọmọdé ti wọ ẹgbẹ́ àjẹ́, tí wọ́n ń da ilé rú. Láàárín ọdún 2000 sí 2008, ẹjọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n pè ní àjẹ́ ní Akwa Ibom àti Cross River kún etí: wọ́n lé wọn nílé, wọ́n nà wọ́n, wọ́n dáná sun òmíràn. Ìjọba Akwa Ibom fi òfin de é ní 2008. Nígbà tí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọdé nàka sí fíìmù Ukpabio, ó béèrè pé, ṣé àwọn èèyàn gbà pé òótọ́ ni Harry Potter? Kí ló dé tí ti òun fi yàtọ̀?

Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ ká dáhùn. Ẹni tó kọ Harry Potter kò ní ìjọ. Kò sẹ́ni tó parí fíìmù yẹn tí wọ́n sọ fún pé kó gbé ọmọ rẹ̀ wá fún ìtúsílẹ̀. Ukpabio kọ ìwé pẹ̀lú, níbi tó ti ka igbe òru àti ibà lemọ́lemọ́ mọ́ àmì ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì tó ń sin Sátánì. Ọmọ wo ni kì í ké lóru? Ọmọ wo nílẹ̀ wa ni ibà kì í ṣe? Nígbà tí ẹnu tó ń ṣe eré bá tún jẹ́ ẹnu tó ń wàásù, eré ti di ẹ̀rí nìyẹn.

Ẹ má sì sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Calabar ni. London ni Victoria Climbié kú sí ní oṣù kejì ọdún 2000, ọmọ ọdún mẹ́jọ láti Ivory Coast, lọ́wọ́ ìbátan tó mú un wá síbí kó lè kàwé. Wọ́n gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ẹ̀mí burúkú ló ń bá a jà. Dókítà rí i, ọlọ́pàá àti social services gbọ́ nípa rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbà á là. Lọ́jọ́ Kérésì 2010, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 15 tó wá ṣọdún láti Paris lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní ìlà-oòrùn London kú sínú báàfù, lẹ́yìn ìyà ọjọ́ bíi mélòó kan. Wọ́n ní àjẹ́ ni. Àwọn ọmọ méjèèjì yìí ń tọ̀ sára. Ìtọ̀ ló di 666 tiwọn.

Ẹ tún kíyè sí i: ọmọ ẹni ẹlẹ́ni ló sábà máa ń jẹ́ ọmọ burúkú. Àgbàtọ́ ni Damien. Nínú Orphan, ti 2009, ilé ọmọ aláìlóbìí ni wọ́n ti mú Esther, nígbà tó sì yá, a rí i pé àgbàlagbà ni, kì í tilẹ̀ ṣe ọmọdé! Nílé wa, ọmọ tí wọ́n rán wá láti ilé, ọmọ àbúrò, ọmọ ìyàwó àkọ́kọ́, àwọn lọ̀rọ̀ yìí máa ń já lé lórí.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ pé, "Ṣebí Yorùbá náà ní àbíkú?" Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n: Málọmọ́, Dúrójayé, Dúrósinmí, Bánjókòó. Ẹ̀bẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Òbí ló ń bẹ ọmọ pé kó má lọ. Mi ò ní sọ pé gbogbo ìṣe wọn ló dára. Wọ́n ń kọ òkú ọmọ lábẹ, ìyẹn sì burú. Lónìí, a mọ̀ pé fọ̀níkú-fọ̀ládìde ló mú ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ ọ̀run tó ń pe ọmọ ni wọ́n ń bá jà. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ dá dúró. Àwọn ló ní ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ.

Torí náà, ẹ jọ̀ọ́. Bí ọmọ bá ń tọ̀ sílé, tó ń rìn lójú oorun, tí gìrì ń mú un, tí kò tètè sọ̀rọ̀, dókítà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ bá, bí ìyá Regan ti ṣe. Bí pásítọ̀ bá ní ẹ fi ebi pa á tàbí ẹ nà án kí ohun kan lè jáde, ẹ mú ọmọ yín kúrò níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù social services ń bà wá, pé wọ́n á gba ọmọ lọ. Ó lè ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n gbà lọ ṣì lè padà wálé. Bí ẹ bá gbọ́ igbe ọmọ nílé ẹnìkejì, tí wọ́n sì ní àdúrà ni wọ́n ń gbà fún un, ẹ pe ọlọ́pàá.