Ọ̀dà Akírílíìkì àti Orúkọ Àwọ̀ ní Èdè Yorùbá

Ẹni tí ó bá jókòó ní Ìlọ́fà tàbí ní Òsì láti fi ọ̀dà akírílíìkì ya àwòrán agbe lórí ẹ̀ka igi kì í ṣe aláìní ọ̀rọ̀. Ó mọ orúkọ ẹyẹ náà, ó mọ orúkọ igi tí ó bà lé, ó sì mọ orúkọ agbọ̀n tí obìnrin tí ń ti oko bọ̀ gbé rù. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ṣí àpótí ọ̀dà rẹ̀, tí ó mú ike ọ̀dà àkọ́kọ́ lọ́wọ́, èdè Yorùbá kúrò níbẹ̀. Orúkọ tí ó wà lára gbogbo àwọn ike náà, Gẹ̀ẹ́sì ni. Bí ó bá jẹ́ olùkọ́, Gẹ̀ẹ́sì náà ni yóò fi dárúkọ wọn fún ọmọ iléèwé. Bí ọmọ náà bá sì béèrè ohun tí Yorùbá ń pè wọ́n, ìdáhùn tí ó sábà máa ń rí gbà ni pé àwọ̀ mẹ́ta péré ni Yorùbá ní: dúdú, funfun àti pupa.

Ìdáhùn yìí ni ó yẹ kí àwọn tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí pé bí ó bá jẹ́ òótọ́, kò sí ohun tí ó kù ju pé kí a máa yá ọ̀rọ̀ lọ. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ni Yorùbá fi ń sọ̀rọ̀ àwọ̀ ní tààrà: dú, fún àti pọ́n. Aṣọ tí a rẹ sínú aró, dúdú ni. Ewé tí ó jinlẹ̀ dáadáa, dúdú náà ni. Ṣùgbọ́n kò sí aláṣọ kan tí yóò sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé aṣọ dúdú ni òun ní, kí ó sì dákẹ́ síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹtù, yóò pè é ní ẹtù. Sányán ní àwọ̀ tirẹ̀, àlàárì sì ní tirẹ̀. Òdòdó tí à ń rí lára igi náà ni orúkọ aṣọ pupa kan láyé àtijọ́, ó sì wà bẹ́ẹ̀ nínú Bíbélì Yorùbá, nínú ẹsẹ kan náà pẹ̀lú àlàárì. Ní ti àwọn ẹyẹ, ta ni kò mọ̀ pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ìtàn àtẹnudẹ́nu ti fi aró fún agbe, tí ó fi osùn fún àlùkò, tí ó sì fi ẹfun fún lékèélékèé? Kò sí orúkọ àwọ̀ kankan nínú ìpín yẹn. Ohun tí a fi ń kun nǹkan, tàbí tí a fi ń pa á láró, ni a kà sílẹ̀.

Kò sí ibi tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ti yé ènìyàn tó agbègbè tí à ń wí yìí. Òsì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ti ìpínlẹ̀ Kwara, ni ìlú Àreògún, gbajúgbajà agbẹ́gilére tí ó kú ní 1954. Ọmọ rẹ̀, George Bándélé, wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ ní ibùdó iṣẹ́-ọnà tí àlùfáà Kevin Carroll ń darí ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti 1947 sí 1954, níbẹ̀ ni Làmídì Fákẹ́yẹ sì ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní Odò-Ọwá, tí òun àti Ìlọ́fà jọ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Ẹ̀rọ̀, ni Bámigbóyè ti gbẹ́ àwọn ère ẹpa ńláńlá, èyí tí àwọn ìlú kan ní agbègbè náà ń pè ní ẹlẹ́fọ̀n. Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ fún aráyé wò ní 2022. Àwọn ère wọ̀nyí kì í ṣe igi gbígbẹ́ lásán. A kùn wọ́n, a sì máa ń tún wọn kùn bí ọdún bá súnmọ́. Ẹfun, èédú, osùn, ilẹ̀pa àti ẹlú ni agbẹ́gilére Yorùbá ní lọ́wọ́ kí ọ̀dà inú agolo tó dé. Irun orí ère ìbejì, ẹlú ni a fi ń pa á láró. Nígbà tí búlúù ìfọṣọ dé láti òkè òkun, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi búlúù pa á. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ àgbà, búlúù yìí pàápàá kì í ṣe àwọ̀ lásán: ohun tí a lè rán ọmọ lọ rà ní ọjà ni.

A ti gbọ́ ọ rí pé irú ìsọlórúkọ báyìí kò bá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì mu, pé ohun tí a fọwọ́ kàn ni ó ń tọ́ka sí, kò tọ́ka sí àwọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì ka ara ike ọ̀dà rẹ̀ dáadáa. Kádíọ́mù, kóbáltì àti títéníọ́mù tí a kọ síbẹ̀, irin ilẹ̀ ni gbogbo wọn. Ọ̀kan nínú àwọn àwọ̀ ilẹ̀ tí ayàwòrán ń lò jù lọ, orúkọ Siena, ìlú kan ní ilẹ̀ Ítálì, ni ó ń jẹ́, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti ń wa ilẹ̀ rẹ̀ láyé àtijọ́. Ìpẹtà irin ni ó mú kí ilẹ̀ Siena ní àwọ̀. Ìpẹtà irin náà ni ó mú kí ilẹ̀pa Òsì pọ́n, òun náà ni ó sì wà lára páànù ògbólógbòó tí ayàwòrán fẹ́ yà sí orí ilé alámọ̀. Bí ará Ítálì bá lè fi ilẹ̀ ìlú rẹ̀ sọ ọ̀dà lórúkọ, kí ni ó ṣe tí ọmọ Òsì kò fi ní pe èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ilẹ̀pa?

Síbẹ̀, ó yẹ kí a ṣọ́ra. Ẹfun ni kí a fi ṣe àpẹẹrẹ. Amọ̀ funfun ni, ó sì funfun kedere lára ère nítorí pé afẹ́fẹ́ wà láàrin hóró rẹ̀. Bí a bá pò ó mọ́ oje akírílíìkì, funfun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ìwọ̀n tí ẹfun fi ń ṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 1.56, ti oje náà sì jẹ́ nǹkan bí 1.49, wọ́n súnmọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ fi ń gba inú àwọn méjèèjì kọjá láì tàn padà púpọ̀. Funfun inú ike ọ̀dà òde òní, láti ara títéníọ́mù ni ó ti wá, ìwọ̀n tirẹ̀ sì tó nǹkan bí 2.7. Ìdí nìyí tí ó fi ń bo ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá pe títéníọ́mù ní ẹfun nínú ìwé ẹ̀kọ́ ti ṣi ọmọ lọ́nà. Lékèélékèé tí ọmọ náà bá fi ẹfun àti oje yà yóò dà bí èéfín.

Nítorí náà, a nílò ọ̀rọ̀ méjì. Kí àwọ̀ dúró fún ohun tí ojú rí. Fún ohun tí ń gbé àwọ̀ wá, ìyẹ̀-àwọ̀ ni ó dára jù, lórí àpẹẹrẹ ìyẹ̀rosùn tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Bí a bá ní èyí, a lè sọ pé ìyẹ̀ títéníọ́mù ní àwọ̀ ẹfun, kò sì ní rú ẹnikẹ́ni lójú. Agbe fúnra rẹ̀ ń bèèrè fún ìyàtọ̀ yìí. Nínú ìdílé ẹyẹ tí a ka agbe mọ́, ìyẹ̀-àwọ̀ tí bàbà wà nínú rẹ̀ ni ó mú kí ìyẹ́ apá ọ̀pọ̀ nínú wọn pọ́n. Ṣùgbọ́n àwọ̀ aró ara wọn kò ní ìyẹ̀ aró kankan nínú. Bí a ṣe hun ìyẹ́ náà ni ó ń tú ìmọ́lẹ̀ ká tí ojú fi ń rí aró. Agbe tí ó ni aró, kò ní aró kankan lára! Ẹni tí kò bá ya àwọ̀ kúrò lára ìyẹ̀ kò lè sọ gbólóhùn yìí kí ó ní ìtumọ̀.

Ó wá ku ọ̀dà náà fúnra rẹ̀. Ní 1955 ni ilé-iṣẹ́ Henry Levison ní Amẹ́ríkà gbé irú èyí tí a lè fi omi pò jáde fún àwọn ayàwòrán, lórúkọ Liquitex. Ọ̀dà olómi ni àwọn kan fẹ́ kí a máa pè é, kí ó lè yàtọ̀ sí ọ̀dà olóròóró. Orúkọ náà kò burú, ṣùgbọ́n ó lè mú kí ọmọdé rò pé omi yóò wẹ̀ ẹ́ kúrò nígbàkúùgbà, kí ó sì fi bírọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Hóró oje kéékèèké ni ó wà nínú omi náà bí ọ̀rá ti wà nínú wàrà. Bí omi ti ń fà lọ, àwọn hóró náà ń súnmọ́ra, wọ́n ń wọnú ara wọn, títí wọn yóò fi di awọ kan ṣoṣo tí ó mú ìyẹ̀-àwọ̀ dání. Omi kò lè tú u mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ni Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń lò fún ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n Yorùbá ní méjì nílẹ̀: gbígbẹ ni ti omi, dídì ni ti oje. Aṣọ tí a sá gbẹ, òjò sì lè tún mú un tutù. Ẹ̀kọ dì, iná sì lè tún yọ́ ọ. Ọ̀dà akírílíìkì gbẹ, ó dì, kò sì padà. Nígbà ọyẹ́, gbígbẹ náà a máa yá ju bí ayàwòrán ti fẹ́ lọ.

Fún ohun tí ń di ìyẹ̀ mú, ẹni tí ó fẹ́ràn ẹyẹ lè dábàá àtè, nítorí pé bí àtè ti ń mú ẹyẹ ni oje yìí ń mú ìyẹ̀. Àbá náà dùn mọ́ etí, ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà níbẹ̀. Ọmọkùnrin tí ó ti dẹ àtè rí yóò sọ pé àtè tí ó bá ti dì kò wúlò mọ́, bẹ́ẹ̀ ni oje tí kò bá dì kò wúlò fún àwòrán. Kí a fi oje sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àyálò ní àyè tirẹ̀. Akírílíìkì kò ní orúkọ mìíràn, kádíọ́mù kò sì ní. Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé ọmọdé lè kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá láìsí ìdíwọ́ ọ̀rọ̀ àyálò díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ó dá lé; iṣẹ́ ọnà kíkùn kò sí nínú rẹ̀. Àyè náà ṣì ṣófo, àwọn tí ó lè kún un sì ń lọ. Fákẹ́yẹ kú ní 2009. Àwọn tí ó kù nínú àwọn agbẹ́gilére, àwọn aláró àti àwọn akunlé tí ó ti dàgbà ní Òsì, Àràrọ̀mí-Òpin àti Odò-Ọwá ni ó yẹ kí ìgbìmọ̀ ọ̀rọ̀-ìperí kọ́kọ́ tọ̀ lọ, kí ó mú àwọn ike ọ̀dà náà dání, kí ó tẹ́ wọn síwájú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sì kọ ohun tí wọ́n bá pè é sílẹ̀. Kí ó béèrè pẹ̀lú lọ́wọ́ àwọn obìnrin tí ń gbin ilá. Òdòdó ilá ní àwọ̀ méjì, èyí tí ó wà ní agbedeméjì rẹ̀ sì ṣòro fún ayàwòrán láti pò: kì í ṣe pupa osùn, kì í sì í ṣe dúdú. Títí wọn yóò fi dáhùn, ó sàn kí àyè orúkọ àwọ̀ yẹn ṣófo nínú ìwé ju kí ẹni tí kò gbin ilá rí jókòó ti tábìlì kí ó sì fún un ní orúkọ.