ÌTỌ́JÚ ILÉ ỌLỌ́RUN ÀTIJỌ́

Ìlú Adó-Èkìtì ní Kàtídírà ti Emmanuel, tí í ṣe ti Ìjọ Áńgílíkà tí ó ní Bíṣọ́ọ̀bù Èkìtì láti ọdún 1966, àti ti St. Patrick, tí í ṣe ti Ìjọ Àgùdà tí ó ní tirẹ̀ láti ọdún 1972. Kí ìjọ abúlé má ṣe tìtorí ọlá wọn kẹ́gàn ilé Ọlọ́run tí àwọn baba fi amọ̀ mọ. Ògiri amọ̀ kì í yára wó bí orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbẹ. Nítorí náà, kí òjò tó dé, ẹ dí ihò páànù, kí ẹ sì la ọ̀nà fún àgbàrá. Amọ̀ ni kí ẹ fi rẹ́ ẹ. Sìmẹ́ńtì a máa há omi mọ́ inú rẹ̀. Ìjọ tí ó bá wó ilé àtijọ́ kí owó tuntun tó pé, òjò ni yóò pa á.