Ǹjẹ́ Nǹkan Gidi Lè Ti Ìbàràpá Wá?

Ọ̀rọ̀ tòní lè korò díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin.

Ṣé ẹ rántí Nàtáníẹ́lì? Kò tíì fojú kan Jésù tó fi ń bèèrè bóyá nǹkan rere kan lè ti Násárẹ́tì jáde. Orúkọ ìlú ló fi ṣèdájọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ làwa náà ń ṣe lọ́jà! Ká tó wo bí wọ́n ṣe rán bàtà, a ti yí i dé, à ń wá ibi tí wọ́n ti ṣe é. Tó bá jẹ́ Ítálì, a ò tilẹ̀ ní ná an. Tó bá jẹ́ Nàìjíríà, a ó yínmú, a ó ní kí wọ́n gbà á ní ààbọ̀ owó. Tó bá jẹ́ China, a ti ń pè é ní Chinko kó tó kúrò nínú páálí, bẹ́ẹ̀ China ni wọ́n ti ṣe ọ̀pọ̀ fóònù tó wà lọ́wọ́ wa.

Kí ni ìyẹn wá dá sílẹ̀? Gbogbo wa la mọ̀ nípa bàtà Aba. Ọmọ Nàìjíríà gé awọ, ó rán an, ó wá tẹ "Made in Italy" sí i, torí ó mọ̀ pé tóun bá kọ Aba, a ò ní rà á. Irọ́ ni, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni. Ọlọ́run tó kórìíra òṣùwọ̀n èké kò fẹ́ràn àkọlé èké. Àmọ́ ta ló kọ́ ọ nírọ́ náà? Àwa oníbàárà ni! Bàtà kan náà, ọwọ́ kan náà. Ṣé bàtà là ń rà ni àbí orúkọ?

Orúkọ ìlú kì í sì í dúró sójú kan. Láyé ìjọ́un, àwọn kan ní Solingen nílẹ̀ Jámánì ń tẹ orúkọ Sheffield, ìlú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, sára ọ̀bẹ tiwọn. Lọ́dún 1887, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin tó mú kí "Made in Germany" máa wà lára irú ọjà bẹ́ẹ̀, káwọn èèyàn lè sá fún un. Àwọn ará Jámánì tún iṣẹ́ wọn ṣe. Lónìí ńkọ́? Ẹni tó ń wá mọ́tò tókùnbọ̀ ń fi Jámánì yangàn!

Ẹlòmíì á ní, "Pásítọ̀, ọjà tiwa kì í pẹ́ bàjẹ́." Òótọ́ wà níbẹ̀. A ò ní kẹ́ ẹ ra ìràǹrán. Ẹ wo iṣẹ́ náà. Tí kò bá dáa, ẹ dá a padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń ta gààrí àti láfún ní Igbó-Ọrà àti Èrúwà, ẹni tó bá lu ìdí kóńgò wọnú, orúkọ gbogbo Ìbàràpá ló ń bà jẹ́. Tí oníbàárà láti Èkó bá délé tó tún un wọ̀n, kò ní dárúkọ yín. Á ní, "Àwọn ará Ìbàràpá!"

Oníṣẹ́ ọwọ́, fi orúkọ ìlú rẹ sára iṣẹ́ rẹ, kó o sì ṣe é bí ẹni tó ń ṣe é fún Olúwa. Oníbàárà, ṣe bí Fílípì ṣe ní kí Nàtáníẹ́lì ṣe: kọ́kọ́ wá wò ó ná.

Olúwa á bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa. Ẹ kọ Àmín sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì dárúkọ ohun kan tẹ́ ẹ máa rà lọ́wọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò yín lọ́sẹ̀ yìí.