Tọkọtaya Tó Fẹ́ Di Ìbejì

Bí ènìyàn bá dúró láàrin ọjà ní Race Course, nílùú Kumasi, tó sì pariwo "Kakra!", ó ṣeé ṣe kí ẹni tó máa bojú wẹ̀yìn ju ẹyọ kan lọ. Kakra ni àwọn Asante ń pe èyí tó kẹ́yìn dé nínú ìbejì. Panin, ìyẹn àgbà, ni èyí tó kọ́kọ́ jáde. Lọ́dọ̀ tiwa, Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táíwò wá tọ́ ayé wò. Ẹ jẹ́ kí á fi àríyànjiyàn yẹn sílẹ̀. Gbogbo wọn ló gbà pé ìbejì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni méjì lásán.

Ọ̀rọ̀ yìí náà ló gbé olórin kan láti New York dé Ouidah, ní Benin.

Genesis P-Orridge, tí wọ́n bí ní Manchester lọ́dún 1950, ti gbajúmọ̀ nínú ẹgbẹ́ olórin Throbbing Gristle kó tó pàdé Lady Jaye, nọ́ọ̀sì tó tún ń ṣeré orí ìtàgé. Wọ́n fẹ́ra lọ́dún 1995. Ẹnu ni ọ̀pọ̀ tọkọtaya fi ń sọ pé àwọn ti di ara kan. Àwọn méjì yìí wọṣọ bákan náà, wọ́n gẹrun bákan náà, wọ́n sì lọ sábẹ́ ọ̀bẹ dókítà kí imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn lè jọra. Ní Ọjọ́ Olólùfẹ́ 2003, ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ ṣe ọyàn. Wọ́n ní àwọn méjèèjì ti di ẹni kẹta, Breyer P-Orridge lorúkọ ẹ̀.

Jaye kú ní 2007, ẹni ọdún 38. Dọkumẹ́ńtárì tí Marie Losier ṣe nípa wọn, *The Ballad of Genesis and Lady Jaye*, jáde ní 2011, ó sì gbẹ̀bùn ní Berlin. Fíìmù tó dùn ún wò ni, ẹ̀rín àti eré ilé pọ̀ nínú ẹ̀. Ibi tó kù sí ni pé ohùn Genesis ló gba gbogbo ẹ̀ kan. Ta ló máa sọ tẹnu Jaye?

Nínú fíìmù kejì, *Bight of the Twin*, tí Hazel Hill McCarthy III ṣe ní 2016, Genesis dé Ouidah. Nínú 1,000 ìbímọ ní Benin, nǹkan bíi 28 ló ń jẹ́ ìbejì. Bí ọ̀kan bá kú, àwọn Fon a gbẹ́ ère rẹ̀, wọn a wẹ̀ ẹ́, wọn a fún un lóúnjẹ, bí a ti ń ṣe ère ìbejì níhìn-ín. Níbẹ̀ ni wọ́n ti mú Genesis wọnú awo ìbejì nítorí Jaye.

Ẹlòmíràn lè bínú sí i. Ọlọ́run ló ń fi ìbejì ta ni lọ́rẹ, kì í ṣe dókítà. Ìyá tó sì ń pọn ère kò fọwọ́ ara rẹ̀ yàn án. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní Ouidah, kò sẹ́ni tó ń béèrè ìdí tí ẹnì kan fi ń bá òkú èkejì rẹ̀ jẹun.

Títí Genesis fi kú ní oṣù kẹta 2020, "àwa" ló ń pe ara rẹ̀. Èyí dààmú àwọn akọ̀ròyìn Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, wọn ò mọ̀ bóyá akọ ni káwọn kọ tàbí abo, ẹnì kan tàbí méjì. Yorùbá kò níṣòro yẹn: "ó" kò ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo, "wọ́n" la sì ń pe àgbàlagbà kan ṣoṣo.