Eré Ọmọdé Kì Í Ṣe Ìmẹ́lẹ́

Ẹ̀yin ìyá wa, àti ẹ̀yin òbí lápapọ̀, bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìtọ́jú ọmọ, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn wa ni ọmú, oúnjẹ, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ìmọ́tótó. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kì í sábà kà mọ́ ìtọ́jú, tí kò sì yẹ kí a yọ sílẹ̀. Ohun náà ni eré, pàápàá jù lọ eré tí òbí àti ọmọ jọ fi ọwọ́ ara wọn ṣe ohun èlò rẹ̀ láti inú nǹkan tí ó wà nínú ilé.

Nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé, bí ọmọ bá jókòó ti agolo mílíìkì tí ó ń fi ṣe ọkọ̀, igbe ni a ó fi ta á: "Gbé ìdọ̀tí yẹn sọnù, lọ gbé ìwé rẹ!" Lójú tèmi, àṣìṣe ńlá ni èyí. Ọmọ tí ó ń wá ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ yóò fi yí, ẹ̀kọ́ ni ó ń kọ́. Ó ń wọn nǹkan, ó ń ka nǹkan, ó ń ronú. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò bá yí, yóò tú u, yóò sì tún un ṣe, sùúrù nìyẹn. Kí ọmọ tó pé ọdún 5, ọpọlọ rẹ̀ ti tóbi tó nǹkan bí ìdá 9 nínú ìdá 10 ti àgbàlagbà. Sáà yìí, bí ó bá ti kọjá, kì í padà wá.

Ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí wà. Ní ìlú Kingston, ní orílẹ̀-èdè Jàmáíkà, àwọn olùwádìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1986 sí 1987 lórí àwọn ọmọ 129 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín oṣù 9 sí oṣù 24, tí àìjẹunre-kánú kò jẹ́ kí wọ́n ga tó ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n fún apá kan ní mílíìkì àfikún. Ní ti apá kejì, òṣìṣẹ́ ìlera a máa lọ sí ilé wọn fún wákàtí kan lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, fún ọdún 2, láti fi han ìyá bí yóò ti máa bá ọmọ rẹ̀ ṣeré. Apá kẹta gba méjèèjì, apá kẹrin kò sì gba ọ̀kankan. Ohun ìṣeré tí wọ́n lò kì í ṣe olówó iyebíye. Àfọwọ́ṣe lásán ni. Nígbà tí àwọn ọmọ náà di ẹni nǹkan bí ọdún 22, owó tí ń wọlé fún àwọn tí wọ́n rí ètò eré náà gbà fi ìdá 1 nínú ìdá 4 ju ti àwọn tí kò rí i gbà lọ. Ọdún 2014 ni a tẹ àbájáde yìí jáde. Mílíìkì nìkan kò mú irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ wá. Èyí kò wí pé kí a fi ebi pa ọmọ o. Ohun tí ó ń wí ni pé bí ikùn ti ń fẹ́ oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ náà ń fẹ́ oúnjẹ tirẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé òun kò ní owó ohun ìṣeré. Láyé àtijọ́, àwọn ọmọbìnrin a máa pọn ọmọlangidi igi sẹ́yìn, àwọn ọmọkùnrin a sì máa ta òkòtó, láìsí pé ẹnikẹ́ni lọ sí ilé ìtajà ńlá. Ohun tí a lè ṣe lónìí nìwọ̀nyí:

Fún ọmọ oṣù 6 sí ọdún 1: Ẹ fọ ike omi kékeré kan mọ́, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, ẹ da ẹ̀wà díẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ sì dé e pinpin. Yóò máa dún bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ẹ máa yẹ ìdérí rẹ̀ wò lójoojúmọ́ kí ó má bàa tú.

Fún ọmọ ọdún 1 sí 2: Ẹ fún un ní abọ́ oníke tí ó tóbi jura wọn lọ, kí ó máa tì wọ́n bọ inú ara wọn. Ẹ máa bá a kà wọ́n: oókan, eéjì, ẹẹ́ta.

Fún ọmọ ọdún 3 sí 5: Ẹ jọ fi àkísà tí ó mọ́ ṣe bọ́ọ̀lù tàbí ọmọlangidi. Òwú ni kí ẹ fi rán ojú rẹ̀, kì í ṣe bọ́tìnì. Ẹ lè fi èbà lẹ ìwé ìròyìn àtijọ́ mọ́ páálí, kí ẹ fi kọ́ ilé.

Fún ọmọ ọdún 6 sókè: Ẹ fi agolo mílíìkì ṣe ọkọ̀. Bàtà sílípáàsì tí ó ti já ni ẹ ó gé róbótó fún ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àgbà ni kí ó mú ọ̀bẹ, kí ọmọ sì máa ki igi ìgbálẹ̀ bọ ojú ihò.

Ọ̀pọ̀ ìyá lónìí ni ó ń gbé fóònù lé ọmọ lọ́wọ́ kí wọ́n lè ráyè dáná. A mọ̀ pé iṣẹ́ ilé pọ̀. Ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ ní ọdún 2019 pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 kò yẹ kí ó jókòó wo fóònù tàbí tẹlifíṣàn rárá, àti pé ọmọ ọdún 2 sí 4 kò gbọdọ̀ wò ó ju wákàtí 1 lójúmọ́ lọ. Fóònù kò lè dáhùn bí ọmọ bá béèrè pé, "Màámi, kí ni èyí?"

Síbẹ̀, a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Ike tàbí agolo tí a ti rọ oògùn apakòkòrò, kẹrosíìnì tàbí ásíìdì sí rí kò gbọdọ̀ di ohun ìṣeré, bí ó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó. Bí ọmọ bá ṣèèṣì mu kẹrosíìnì, ẹ má ṣe fún un ní epo pupa mu, ẹ má sì ṣe mú un bì, nítorí pé bí ó bá ń bì, kẹrosíìnì náà lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ fọ́ bátìrì tọ́ọ̀ṣì láti fi dúdú inú rẹ̀ kun pátákó. Bátìrì pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnì, irú èyí tí ó wà nínú aago ọwọ́, tún burú jù: bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè jó o lọ́nà ọ̀fun láàárín wákàtí 2. Ẹ fi òòlù tẹ etí agolo mọ́lẹ̀ kí ó má bàa gé ọmọ lọ́wọ́. Kí ẹ̀wà, àgbàdo, owó wẹ́wẹ́ àti bọ́tìnì má ṣe wà ní àrọ́wọ́tó ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, nítorí pé wọ́n lè há a lọ́fun. Ẹ kó ọ̀rá náílọ́ọ̀nù kúrò nílẹ̀, kí ọmọ má bàa fi bo orí.

Ẹ̀yin bàbá, iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ìyá nìkan. Bàbá tí ó bá jókòó ti ọmọ fún ìdajì wákàtí nírọ̀lẹ́, tí wọ́n jọ tún ẹsẹ̀ ọkọ̀ alágolo ṣe, ti fún ọmọ náà ní ohun tí owó kò lè rà. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Kí ẹ tó da agolo mílíìkì tí ó tán láàárọ̀ yìí nù, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì pe ọmọ yín sọ́dọ̀.