Òtútù Kọ́ Ló Wà Nínú Oríkèé Ìka Yín

Ní Ṣáínà, bí oríkèé ìka bá ń ro, ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ ni pé òtútù ló wọ eegun. Wọ́n á gún ewé ài gbígbẹ títí yóò fi rí bí òwú, wọ́n á fi pépà wé e bíi sìgá ńlá, wọ́n á tanná ràn án, wọ́n á sì máa fi yá oríkèé náà kí òtútù lè sá jáde. Àtọdúnmọ́dún ni: ìwé tó sọ̀rọ̀ iná yìí wà nínú ibojì Mawangdui, tí wọ́n dí ní ọdún 168 ṣáájú ìbí Kristi. Pé ọ̀rọ̀ kan pẹ́ nílẹ̀ kò ní kó jóòótọ́.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé ooru ń tuni lára. Ọwọ́ tó gan láàárọ̀ á ṣeé ká. Ìlànà tí àwọn dókítà oríkèé gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2019 pàápàá fara mọ́ ìda gbígbóná fún làkúrègbé ọwọ́ tí awọ yíyọ̀ orí eegun rẹ̀ ti jẹ. Ìtura nìyẹn. Iná kì í mú awọ náà hù padà. Àwọn tó sì ń kọ́ni pé àfi tí ara bá bó, tí egbò bá ṣọyún, kí iná tó ṣiṣẹ́, ìkà ni wọ́n ń ṣe fún aláìsàn, pàápàá fún onítọ̀ ṣúgà tí ìka rẹ̀ kò mọ ooru mọ́.

Ibi tó dùn mí jù ni irú làkúrègbé kejì, èyí tí àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ń bá oríkèé jà. Ọwọ́ méjèèjì ló sábà máa ń mú. Ìka á wú, á gan fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárọ̀. Ẹ fọwọ́ kàn án, ó gbóná! Òtútù wo lẹ wá fẹ́ lé? Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà gan-an ya làkúrègbé gbígbóná sọ́tọ̀, wọ́n sì ń ṣọ́ra fún fífi iná kún un. Láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́ ni àrùn yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ eegun. Methotrexate, oògùn ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ń dáwọ́ rẹ̀ dúró lára ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Wọ́n á ní, "Ṣebí mọ̀lẹ́bí ewé yìí ló bí oògùn ibà?" Bẹ́ẹ̀ ni. Iṣẹ́ Tu Youyou, onímọ̀ oògùn ará Ṣáínà, lórí mọ̀lẹ́bí náà, Artemisia annua, ló mú un gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Ṣùgbọ́n ó yọ oje rẹ̀, ó dán an wò lára ẹranko, ó dán an wò lára ènìyàn, ó rí i pé kòkòrò ibà kú. Ta ló ti fi irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ hàn wá pé iná ài dá eegun jíjẹ dúró?

Bí ìka yín bá wú, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé.