Nípa Òrùlé Àwọn Ilé Àtijọ́ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ọ̀rọ̀ ilé ni a tún gbé dé lóṣù yìí. Ẹni tí ó bá rìn ní àdúgbò àtijọ́ ní Ẹ̀pẹ́ tàbí ní Ìkòròdú kò lè ṣe aláìrí ilé amọ̀ tí àwọn baba kọ́, tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà, tí góńgó òrùlé rẹ̀ sì ti tẹ̀ láàárín bí ẹ̀yìn ẹṣin arúgbó. Kí ni àwọn ọmọ onílé ń wí? Wọ́n ní kí a wó o. Àwa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró ná.

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá fọ́ Èkó ní oṣù kejìlá ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ni Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sá wá. Ibẹ̀ ni ó ti bá wọn ṣe àdéhùn ní 1854, kò sì padà sí Èkó títí di 1862. Ìran àwọn tí ó bá a wá ṣì ń bẹ níbẹ̀, àwọn tí a ń pè ní Èkó Ẹ̀pẹ́. Bí a bá wó ilé tán, kí ni a ó nawọ́ sí fún ọmọ?

Àrùn òrùlé bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Igi tí ó na láti orí ògiri kan dé orí èkejì ni ó so ilé pọ̀. Bí páànù bá ń jò sí ìdí igi náà, a rà, ikán a sì bò ó. Nígbà tí ó bá já, àwọn igi ìrólé tí ó forí kora lókè a bẹ̀rẹ̀ sí í ti ògiri síta, góńgó a sì máa wálẹ̀.

Ìwòsàn rẹ̀ wà. A ó kọ́kọ́ tú ìṣó páànù níbi tí ó tẹ̀, kí ó má baà ya. A ó tẹ́ pákó nínípọn sílẹ̀, nítorí ilẹ̀ amọ̀ a máa rì. Orí pákó ni jáàkì yóò jókòó sí, òpó líle yóò sì dúró lórí jáàkì láti gba ẹrù góńgó. Bí ilé bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, a gbọ́dọ̀ ki òpó mìíràn sí abẹ́ àjà títí kan ilẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àjà ni yóò wó. Lẹ́yìn èyí, sùúrù. Igi tí ó ti tẹ̀ fún ọgọ́ta ọdún kò fẹ́ kí a nà án ní ọ̀sán kan. A ó yí jáàkì díẹ̀ lónìí, a ó fi í sílẹ̀ di ọ̀la, a ó sì tún yí i. Okùn tí a nà láti ìpẹ̀kun góńgó kan dé èkejì ni yóò fi ibi tí a dé hàn wá. Bí igi bá ké, kí a dá ọwọ́ dúró. Nígbà tí ó bá tọ́, irin gbọọrọ ni a ó fi de ògiri méjèèjì pọ̀, a ó sì kan igi titun mọ́ ẹ̀gbẹ́ ogbó. Ẹni tí ó bá yọ òpó kí ó tó de ògiri, iṣẹ́ rẹ̀ di asán. (Kí a tó gbàgbé: ẹ má ṣe fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀, kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin inú rẹ̀ jáde.)

Àwọn òyìnbó tí a ń fara wé kò wó tiwọn. Nígbà tí kòkòrò jẹ igi òrùlé gbọ̀ngàn Westminster ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí ó ti wà láti ìgbà Ọba Richard Kejì, irin ni wọ́n fi gbè é láti 1914 títí di 1923. Ní Èkó tiwa, Ilojo Bar tí Ìjọba kéde ní 1956 pé ó jẹ́ ohun ìrántí fún gbogbo orílẹ̀-èdè, a wó o lulẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2016. Ìwé Ìjọba kò gbé òrùlé ró.

A mọ̀ pé ikán nìkan kọ́ ni ó ń pa ilé. Nítorí pé ilé jẹ́ ti gbogbo ẹbí, kò sí ẹni tí yóò ra páànù kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tí ń ra ilẹ̀ bá dé, gbogbo ọmọ a péjọ, títí kan àwọn tí ń bẹ ní òkè òkun. Kí àwọn olórí ẹbí máa gba owó òrùlé lọ́dọọdún lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí àwọn Ìjòyè àdúgbò má sì fọwọ́ sí ìwólé kankan kí àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà tó gun òkè àjà lọ wò ó. Ẹ̀ẹ̀rùn ni àkókò iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ó bá mọ oníṣẹ́ tí ó ti gbé òrùlé bẹ́ẹ̀ dìde rí ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́, kí ó jọ̀wọ́ fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.